Bí káńsù ṣe ń pinnu lórí ìwé àṣẹ ọtí ní England àti Wales: ìtọ́sọ́nà fún oníṣọ́ọ̀bù àti ará àdúgbò

Nígbà kan, ilé ẹjọ́ májísíréètì ló ń fún èèyàn láṣẹ láti ta ọtí ní England àti Wales. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni òfin Licensing Act 2003 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, tí ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ káńsù. Láti ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ kó bíà sínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó ní ilé oúnjẹ tó fẹ́ máa gbé wáìnì fún oníbàárà, ẹni tó fẹ́ ṣí ilé ìgbafẹ́, ọ̀dọ̀ káńsù àdúgbò ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹni tí ariwo wọn kò jẹ́ kó sùn náà, ọ̀dọ̀ káńsù yẹn ló ń lọ.

Mò ń kọ èyí nítorí ó ń dùn mí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń náwó tán lórí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó béèrè ohun tí káńsù ń wò. Àwọn kan rò pé ẹni téèyàn mọ̀ ní káńsù ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn rò pé bí ará àdúgbò bá ti pọ̀ tó fọwọ́ síwèé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù àti ẹ̀rí tí alátakò kó wá ni wọ́n fi ń pinnu, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, tàbí ó ti bà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó níwájú àwọn kánsẹ́lọ̀. Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn. Ohun tó wà níbí kò kàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìwé tí ẹ nílò

Ìwé tí àwọn èèyàn ń pè ní láìsẹ́ńsì ọtí ni premises licence. Ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tí ẹ lè ṣe níbẹ̀ sí, wákàtí tí ẹ lè ṣe é, àti bóyá oníbàárà lè mu ọtí náà níbẹ̀ tàbí kó gbé e lọ sílé nìkan. Ọjọ́ kì í pé lórí rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ béèrè fún ìgbà díẹ̀.

Personal licence ní tirẹ̀ jẹ́ ti èèyàn. Ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó ti yege nínú ìdánwò tí ìjọba fọwọ́ sí, kó ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí kò tíì ju oṣù kan lọ, kó sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Owó rẹ̀ jẹ́ £37. Káńsù ibi tí ẹni náà ń gbé ló ń fún un, kì í ṣe káńsù ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Láti ọdún 2015, ẹni tó bá ti gbà á kò tún ní láti máa sọ ọ́ di tuntun.

Ẹnì kan nínú àwọn tó ní personal licence lẹ máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí DPS, ìyẹn alábòójútó ọtí títà níbẹ̀. Bí kò bá sí DPS, ẹ ò lè ta ọtí kankan, kódà bí premises licence bá wà lára ògiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó gba ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ síṣẹ́ ní DPS pé lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kúrò, kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí káńsù lọ́jọ́ náà gan-an. £23 ni, ẹ sì lè béèrè pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn onísúyà àti oníbúkà kì í fura sí. Bí ẹ bá ń ta oúnjẹ gbígbóná tàbí ohun mímu gbígbóná fún ará ìta láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, ẹ nílò àṣẹ fún ìyẹn náà, kódà bí ẹ ò ta ọtí rárá. Inú fọ́ọ̀mù kan náà ni ẹ lè béèrè fún un.

Ẹni tó jẹ́ pé ayẹyẹ ẹ̀ẹ̀kan ló fẹ́ ṣe, bíi ìgbéyàwó tí wọ́n á ti máa ta ọtí ní gbọ̀ngàn tí kò ní láìsẹ́ńsì, kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Temporary event notice ni tirẹ̀: £21, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú. Èrò kò gbọ́dọ̀ ju 499 lọ níbẹ̀ nígbà kan náà, àwọn onílù, alásè àti òṣìṣẹ́ sì wà nínú iye yẹn. Ó lè kéré sí ọjọ́ iṣẹ́ 10, títí dé 5, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka tó ń rí sí ariwo bá takò irú ìwé tó pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti dópin nìyẹn, kò sí ìgbẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì ń fún àlejò ní ọtí lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan níbi ayẹyẹ ìdílé, tí ẹ ò gba owó tíkẹ́ẹ̀tì tàbí owó mìíràn tí ọtí wà nínú rẹ̀, ọtí títà kọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ nǹkan mẹ́rin tí káńsù lè wò

Nǹkan mẹ́rin péré ni òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́: dídènà ìwà ọ̀daràn àti rúkèrúdò, ààbò ará ìlú, dídènà ìdààmú fún àwọn tó wà nítòsí, àti dídáàbò bo ọmọdé. Ohun tí kò bá bọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, káńsù kò lè gbé ìpinnu lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lára dáadáa, torí òun ló ń yanjú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. Pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ti ń ta ọtí ní òpópónà náà, pé àdúgbò kò nílò òmíràn, kò kan káńsù níbí. Ọ̀rọ̀ òwò nìyẹn. Pé ìgbàgbọ́ ẹni kò gba ọtí, kò kàn án. Pé ilé ìjọsìn wà lódìkejì títì, ìyẹn nìkan kò tó. Àmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà níbẹ̀, tí ẹ̀rí sì wà pé àwọn ọmọ ń rí ọtí rà ní agbègbè náà, ọmọdé ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, káńsù yóò sì gbọ́ ọ. Ìlera gbogbogbòò kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní England àti Wales. Ní Scotland ni wọ́n ti fi kún un.

Àṣẹ lílo ilé yàtọ̀ pátápátá. Bí ilé náà bá nílò planning permission láti di ilé oúnjẹ tàbí ilé ọtí, ẹ lọ gbà á lọ́tọ̀. Níní ọ̀kan kò fún yín ní èkejì. Ẹ sì ka ìwé àdéhùn onílé yín kí ẹ tó san owó kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ìlànà káńsù tiyín

Gbogbo káńsù ló gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlànà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ tún un gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lẹ máa rí wákàtí tí wọ́n fẹ́ràn fún àdúgbò tí ilé pọ̀ sí àti irú ìlérí tí wọ́n ń retí.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni cumulative impact. Níbi tí ilé ọtí ti pọ̀ jù, tí ẹ̀rí sì wà pé àpapọ̀ wọn ń fa ìjà àti ariwo, káńsù lè kéde pé agbègbè náà ti kún. West End ní Westminster ni àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Hackney náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Shoreditch àti Dalston. Kò túmọ̀ sí pé wọn kò ní gbọ́ yín níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹnikẹ́ni bá takò, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ìdí tí ṣọ́ọ̀bù yín kò fi ní dá kún ìṣòro tó wà nílẹ̀. Ilé oúnjẹ tó jẹ́ pé ẹni tó jókòó jẹun nìkan ló ń ta ọtí fún, tó sì ń tì ní aago mọ́kànlá, ní ohun tó dára láti sọ. Bí òwò tiyín bá jẹ́ ti ọ̀gànjọ́ òru, ẹ lọ wá ibòmíràn kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: operating schedule, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà

Apá kan wà nínú fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe lórí nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín jù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá takò láàárín ọjọ́ 28, káńsù *gbọ́dọ̀* fún yín ní ìwé náà. Kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ló sì máa di òfin ṣọ́ọ̀bù yín.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, tó wọ́pọ̀: “A ó máa rí i dájú pé kò sí ariwo.” Ọlọ́pàá tó bá kà á kò mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ fi èyí wé e: “Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, a ó ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, àyàfi tí èèyàn bá ń wọlé tàbí ń jáde. A kò ní da igo sínú agbada ìdọ̀tí ìta láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Oníbàárà kò ní gbé ife jáde síta.” Ẹni tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù lè ka èyí kó sì fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ariwo lè ka a kó má rí ìdí láti takò yín.

Lórí ọmọdé, Challenge 25 ni ọ̀pọ̀ káńsù ń retí: ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá jọ ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè páásípọ́ọ̀tù, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tàbí káàdì ẹ̀rí ọjọ́ orí tó ní àmì PASS kó tó tà á fún un. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tí a kọ̀ láti tà fún kún un. Kì í ṣe nǹkan ńlá: ọjọ́, aago, ohun tí ẹni náà fẹ́ rà, bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí, orúkọ òṣìṣẹ́ tó kọ̀. Ìwé yẹn lè gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Trading Standards, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣọ́ bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń tajà, bá dé. Ìwé tí kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yóò sì jẹ́rìí takò yín.

Ìkìlọ̀ tí mo fẹ́ sọ pẹ̀lú gbogbo agbára mi: ẹ má kọ ohun tí apá yín kò ká. Àwọn kan ń kọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì fún gbogbo alẹ́ kí inú ọlọ́pàá lè dùn, wọ́n á sì gbàgbé pé ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ SIA, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ láṣẹ iṣẹ́, àti pé owó wọn kò kéré. Àwọn mìíràn ń kọ pé àwòrán CCTV yóò wà nípamọ́ fún ọjọ́ 31, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n lò yóò wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ ọmọ tó wà lórí káńtà lálẹ́ kò mọ password. Títa ọtí láìpa irú ìlérí bẹ́ẹ̀ mọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà pẹ̀lú títa á láìníwèé: owó ìtanràn tí kò ní òpin, tàbí ẹ̀wọ̀n títí dé oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ìlérí márùn-ún tí ẹ ń pa mọ́ lójoojúmọ́ sàn ju ogún tí ẹ kò lè pa mọ́.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe ọlọ́pàá tó ń rí sí láìsẹ́ńsì ní agbègbè yín, kí ẹ fi hàn án. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà. Ẹni tí ẹ ti kí, tí ẹ ti fún ní nọ́ńbà fóònù, kì í yára kọ̀wé sí káńsù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó, àwòrán ilé àti ìkéde

Iye tí káńsù fi lé ilé náà fún owó-orí òwò, ìyẹn rateable value, ló ń pinnu owó fọ́ọ̀mù. Tí kò bá ju £4,300, £100 ni. Láti £4,301 dé £33,000, £190. Láti £33,001 dé £87,000, £315. Láti £87,001 dé £125,000, £450. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, £635. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wà ní ìpele kejì. Lẹ́yìn náà ni owó ọdọọdún: £70, £180, £295, £320 tàbí £350.

Àwòrán ilé gbọ́dọ̀ ṣe kedere, kó fi ibi tí ọtí wà, ẹnu ọ̀nà àti ohun èlò panápaná hàn. DPS gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Tó bá jẹ́ orúkọ ara yín lẹ fi béèrè, tí kì í ṣe orúkọ kọ́ńpìnnì, ẹ fi ẹ̀rí ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ kún un. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017, káńsù kò lè fún ẹni tí kò ní in. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káńsù ló máa pín in fún ọlọ́pàá, panápaná àti àwọn yòókù. Tó bá jẹ́ ti ìwé, ẹ̀yin lẹ máa pín in.

Ìkéde ló ń da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ẹ gbọ́dọ̀ lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, tó tó A4 ó kéré tán, lẹ́tà dúdú tí ìwọ̀n rẹ̀ (font) kò kéré sí 16, síbi tí ẹni tó ń kọjá lè ti kà á láìwọlé. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 gbáko ló sì gbọ́dọ̀ fi wà níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ gbé e sínú ìwé ìròyìn àdúgbò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 àkọ́kọ́. Tí òjò bá bà á jẹ́, ẹ lẹ òmíràn. Ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lára rẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ káńsù lè wá wò ó, tí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ lè ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ 28, àti bí ará àdúgbò ṣe lè sọ tirẹ̀

Láàárín ọjọ́ 28 yẹn, ọlọ́pàá, panápaná, ẹ̀ka ariwo, Trading Standards, àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé, Home Office àti àwọn mìíràn lè kọ̀wé. Ará ìlú èyíkéyìí náà lè kọ̀wé. Láti ọdún 2012 kò pọn dandan kí ó máa gbé nítòsí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ takò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́. “Mò ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà. Ní alẹ́ Sátidé mẹ́ta tó kọjá, wọ́n ṣe ayẹyẹ níbẹ̀, orin sì ń gbọ̀n ilẹ̀ yàrá àwọn ọmọ mi títí di aago méjì òru” tẹ̀wọ̀n ju lẹ́tà ọgọ́rùn-ún tí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀dà kan náà. Nínú ẹjọ́ Thwaites ní ọdún 2008, High Court sọ ọ́ yéké pé ìbẹ̀rù lásán kò tó, káńsù àti májísíréètì gbọ́dọ̀ gbára lé ẹ̀rí. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó ń béèrè yóò rí lẹ́tà yín àti orúkọ yín. Tí ẹ bá ní ìdí gidi láti bẹ̀rù, ẹ sọ fún káńsù kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kò sì pọn dandan kí ẹ ní kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátá. Ẹ lè ní kí wọ́n dín wákàtí kù tàbí kí wọ́n ti àgbàlá ẹ̀yìn ní aago mẹ́sàn-án, káńsù sì sábà máa ń gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó ń béèrè, ìpè ọlọ́pàá lákòókò yìí kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Wọ́n á ní kí ẹ gba àfikún ìlérí díẹ̀, tí ẹ bá gbà, wọ́n á yọ àtakò wọn. Tí gbogbo alátakò bá yọwọ́, tàbí tí gbogbo yín gbà pé ìgbẹ́jọ́ kò pọn dandan, ẹ ò ní rí kánsẹ́lọ̀ kankan sójú.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbẹ́jọ́

Tí àtakò bá ṣì wà nílẹ̀, ìgbẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20 lẹ́yìn tí ọjọ́ 28 pé. Ìwé ìpè yóò dé ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú. Ẹ dáhùn ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 5 ṣáájú: ẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀, ta ni yóò bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ ò bá wá, wọ́n lè gbọ́ ọ láìsí yín.

Kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta ló máa ń jókòó, pẹ̀lú lọ́yà káńsù àti òṣìṣẹ́ tó máa ka ìròyìn ọ̀rọ̀ náà. Kò rí bíi kóòtù. Wọn kì í sábà gba kí ẹ da ìbéèrè bo ẹnìkejì yín. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń darí ọ̀rọ̀. Àkókò kan náà ni wọ́n ń fún ìhà kọ̀ọ̀kan, ó sì lè kúrú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ìwé tuntun tí ẹ bá gbé wá lọ́jọ́ náà, àyàfi tí gbogbo ìhà bá gbà kí wọ́n tó lè wò ó. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ ṣáájú.

Ẹ dojú kọ ẹ̀rù ẹni tó takò ní tààrà. Tí ó bá ní àwọn oníbàárà yóò máa pariwo lójú títì, ẹ sọ ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, aago tí ẹ máa dáwọ́ ọtí dúró, àti ìṣẹ́jú mélòó tí wọ́n ní láti fi mu tán. Tí ẹ bá rí i pé ojú àwọn kánsẹ́lọ̀ kò gba aago kan òru, ẹ lè fúnra yín fi aago mọ́kànlá àbọ̀ lọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lásán, tí oníbàárà ń gbé ọtí rẹ̀ lọ sílé, lè rán wọn létí pé ìtọ́sọ́nà ìjọba sọ pé ṣọ́ọ̀bù yẹ kó lè ta ọtí ní gbogbo wákàtí tó fi ṣí, àyàfi tí ìdí gidi bá wà lábẹ́ nǹkan mẹ́rin yẹn.

Wọ́n lè gbà, wọ́n lè gbà pẹ̀lú àfikún ìlérí, wọ́n lè yọ apá kan, wọ́n lè kọ ẹni tí ẹ fi ṣe DPS, tàbí kí wọ́n kọ̀ pátá. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ ni òpin àkókò tí wọ́n ní láti pinnu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Tí ìpinnu kò bá tẹ́ yín lọ́rùn

Ìhà méjèèjì lè lọ sí kóòtù májísíréètì láàárín ọjọ́ 21, ọjọ́ tí ìwé ìpinnu tẹ̀ yín lọ́wọ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹ má fi falẹ̀ rárá, kò sí ọ̀nà láti fi ọjọ́ kún un. Láti ìgbà ẹjọ́ Hope and Glory ní Court of Appeal ní ọdún 2011, ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé káńsù ṣe àṣìṣe, kóòtù sì máa ń ka ìdí tí káńsù kọ sílẹ̀ sí gidigidi. Owó lọ́yà lè padà wá sí yín lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dẹrùn ju láti tún fọ́ọ̀mù náà ṣe, kí ẹ fi ohun tó jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ sọ́kàn, kí ẹ sì béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde

Ẹ lẹ àkótán rẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kíkún rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ san owó ọdọọdún lásìkò, nítorí tí ẹ kò bá san án, káńsù gbọ́dọ̀ dá ìwé náà dúró, ẹ ò sì lè ta ọtí títí ẹ ó fi san án. Àyípadà kéékèèké, bíi gbígbé káńtà kúrò, lè gba ọ̀nà minor variation fún £89, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ọ̀nà yẹn fi kún wákàtí ọtí.

Ọlọ́pàá, ẹ̀ka ariwo tàbí aládùúgbò kan lè béèrè nígbàkigbà pé kí káńsù tún ìwé náà gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi ìlérí kún un, wọ́n lè yọ DPS, wọ́n lè dá ìwé dúró títí dé oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbà á pátá. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ bá onílé ọtí sọ̀rọ̀.

Tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí premises licence bá kú, ìwé náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ 28 péré láti fi interim authority notice, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí òwò máa lọ fúngbà díẹ̀, ránṣẹ́ sí káńsù tàbí láti gbé ìwé náà sí orúkọ ẹlòmíràn. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, fọ́ọ̀mù tuntun, ìwé búlúù àti ọjọ́ 28 mìíràn ló kù.